Ìdọ̀bálẹ̀ Ò Ra Iná Ẹ̀yìn Mọ́tò

Èkó-Ende ni ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí ti wá. Kì í ṣe Èkó Akéte o! Èkó-Ende ti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni, lágbègbè Ìkìrun, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀tìn.

Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń ta èlùbọ́. Kò sí ọjà tí kì í ná, Ìkìrun, Ìnísà, Òkukù, gbogbo ẹ̀ ló ń dé. Èsúsú ọdún mẹ́ta ló kó tó fi ra Sienna tokunbo tó fi ń kó ẹrù. Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà kan, Sienna wà níwájú ilé, àpò èlùbọ́ ti kún inú ẹ̀, ó ku kí màmá wọlé lọ mú gèlè. Kó tó jáde, ó gbọ́ gbàgà! Tíípà oníyanrìn kan tó ń fẹ̀yìn rìn ló ti bá a wọlé látẹ̀yìn. Bútù rún bí abọ́ sílífà tí ẹṣin tẹ̀. Gíláàsì ẹ̀yìn fọ́ yángá, iná méjèèjì di èérún, bọ́ńpà já sílẹ̀, àpò èlùbọ́ mẹ́ta sì bẹ́, èlùbọ́ àti gíláàsì dà pọ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀.

Dírẹ́bà tíípà ò sá, kí a má parọ́ mọ́ ọn. Ó bẹ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màmá, ẹ foríjì mí, iṣẹ́ Èṣù ni. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá mi lé mi." Kíá, àwọn bàbá àdúgbò ti pé jọ. "Ìyá Elélùbọ́, ẹ̀mí ò lọ, ẹ dúpẹ́. Ọmọ ẹlòmíì ni. Ẹ wo bó ṣe dojú bolẹ̀." Dírẹ́bà fa ₦50,000 yọ lápò, ó ní gbogbo ohun tóun ní nìyẹn.

Ẹni tó bá mọ ilé Yorùbá mọ̀ pé ibi tó le ni wọ́n ti màmá sí yẹn. Tó bá gbowó, ó ti gbé. Tí kò bá gbà á, wọn á ní kò láàánú. Ó ti na ọwọ́, ó ku díẹ̀ kó gbà á, kí pánẹ́ẹ̀lì bítà ẹ̀ tó wà n'Ìkìrun tó pè é padà lórí fóònù.

"Ìyá wa, ẹ má gbowó kankan. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé mọ́tò méjèèjì kúrò níbi tí wọ́n wà. Mò ń bọ̀."

Inú bí màmá. "Ṣé ìwọ ọmọ yìí lo fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bá aráyé gbé?"

"Rárá mà. Ẹ ṣáà dúró dè mí."

Ọ̀kadà ló gùn dé. Ohun tó ń lé e bọ̀ ò ju pé ọ̀rọ̀ yìí ti jó òun náà lọ́wọ́ rí lọ. Nígbà kan, oníbàárà ẹ̀ kan gbé mọ́tò tí wọ́n gbá wá, ó ní kó yára tún un ṣe, ínṣọ́ránsì máa sanwó. Ó na irin, ó kùn ún, mọ́tò ń dán. Nígbà tí àwọn ínṣọ́ránsì dé, wọ́n ní kí wọ́n fi ibi tó bàjẹ́ hàn àwọn. Kí ni wọ́n fẹ́ wò lára mọ́tò tó ń dán? Wọ́n padà lọ, oníbàárà ò rówó san, títí di òní ni ilẹ̀kùn mọ́tò yẹn wà ní ṣọ́ọ̀bù pánẹ́ẹ̀lì bítà, tí adìẹ ń yé sí.

Nítorí náà, fóònù ló kọ́kọ́ yọ. Ó ya tíípà àti Sienna pọ̀ látòkèèrè, bí ọ̀kan ṣe wọnú èkejì. Ó súnmọ́ ọn, ó ya gbogbo ibi tó fọ́. Ó ya nọ́ńbà mọ́tò méjèèjì, ó ya ipa táyà nílẹ̀. Ó gba orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn méjì tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn. Àwọn bàbá tó ń bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ò dúró gbọ́ ìyẹn o, ìdajì wọn ti rántí pé àwọn ní oko.

Lẹ́yìn náà ló ní kí dírẹ́bà mú ìwé ínṣọ́ránsì wá. Ó fà á yọ nínú ọ̀rá, ó ní, "Ìwé ọlọ́pàá nìyí."

Ẹ gbọ́ ohun tó pè é: ìwé ọlọ́pàá! Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àìmọye onímọ́tò ló ń san owó yìí lọ́dọọdún bí ẹni ń ra òǹdè, kí ọlọ́pàá má baà dá wọn dúró lójú títì. Tí mọ́tò wọn bá wá gbá ti ẹlòmíì, wọn á fi ìwé pa mọ́ sínú ọ̀rá, wọn á dọ̀bálẹ̀. Ẹni tí wọ́n gbá náà ò sì ní í bèèrè, nítorí pé òun náà ti rò pé ìwé ọlọ́pàá ni.

Pánẹ́ẹ̀lì bítà jókòó ti màmá lórí bẹ́ǹṣì, ó là á yé e. Third party ni wọ́n ń pe ìwé yẹn, ìtumọ̀ ẹ̀ ni ẹni kẹta. Ẹni kìíní ni ẹni tó ra ìwé. Ẹni kejì ni ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì tó tà á fún un. "Ẹni kẹta wá ni ẹ̀yin, màmá, tí wọ́n gbá. Ẹ̀yin ni wọ́n kọ ìwé yẹn fún. Kò sí nǹkan tí wọ́n máa fi ṣe fún tíípà níbẹ̀, ẹ̀yin ni wọ́n máa san fún."

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di dandan nílùú wọn lọ́dún 1930, nígbà tó sì di 1945 wọ́n ṣe irú òfin yẹn fún Nàìjíríà, nítorí ẹni tí mọ́tò bá pa tàbí tó bá ṣe léṣe. Òfin ọdún 2003 wá ní dúkìá ẹni náà tí mọ́tò bá bà jẹ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ó kéré tán ₦1,000,000. Láti January 1, 2023 ni NAICOM, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ínṣọ́ránsì, ti gbé owó ìwé sókè, tí wọ́n sì gbé owó tí wọ́n lè san fún dúkìá sókè pẹ̀lú ẹ̀. Mọ́tò ilé, ₦5,000 tẹ́lẹ̀, di ₦15,000, ó sì lè san tó ₦3,000,000. Mọ́tò téèyàn fi ń kó ẹrù ara ẹ̀, ₦20,000, òun náà ₦3,000,000. Ọkọ̀ ńlá akẹ́rù, ₦100,000, ó ń san tó ₦5,000,000. Kẹ̀kẹ́ Márúwá, ₦5,000 fún ₦2,000,000. Ọ̀kadà pàápàá, ₦3,000, ó ń san tó ₦1,000,000! Ní February 1, 2025 ni àwọn ọlọ́pàá tún bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ẹ̀ gidigidi káàkiri orílẹ̀-èdè. Lọ́dún yẹn kan náà ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin ínṣọ́ránsì tuntun tó rọ́pò ti 2003.

Ẹ wá fi ₦5,000,000 wé ₦50,000 tí màmá fẹ́ gbà.

Ìwé ayédèrú pọ̀ nígboro o. Téèyàn bá fi ayédèrú lọ sí ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì, wọn ò ní í mọ̀ ọ́n rí. Àwọn ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì ní ibi kan tí wọ́n kó nọ́ńbà gbogbo mọ́tò tó ní ojúlówó ìwé sí, èèyàn sì lè fi fóònù tẹ *565*11# kó fi yẹ nọ́ńbà mọ́tò wò. Pánẹ́ẹ̀lì bítà tẹ̀ ẹ́, ojúlówó ni ti tíípà. Ká ní ayédèrú ni ńkọ́? Ọ̀gá tíípà fúnra ẹ̀ ni wọn ì bá dojú kọ, tí lọ́ọ̀yà á bá a sọ̀rọ̀, nítorí ẹni tó gba dírẹ́bà síṣẹ́ ló ni gbèsè ohun tí dírẹ́bà bá fọ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀gá tíípà dé láti Òṣogbo lọ́sàn-án, ó ti fa ojú ro. Nígbà tí wọ́n sọ ti ínṣọ́ránsì fún un, ẹnu yà á. "Èyí tí mò ń san nítorí ọlọ́pàá yẹn? Ṣé wọ́n máa ń sanwó fún èèyàn ni?" Ẹ̀rù kọ́kọ́ ń bà á pé wọ́n á fi ìyẹn ṣe é ní ọ̀daràn. Pánẹ́ẹ̀lì bítà ní, "Ọ̀gá, ₦100,000 yín ti lọ. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́." Òótọ́ ni pé láìsí i, ọ̀rọ̀ ò lè yára lọ, nítorí onímọ́tò tó gbá èèyàn gbọ́dọ̀ lọ sọ fún ínṣọ́ránsì ẹ̀ pé òun ló ṣe é, kó sì kọ fọ́ọ̀mù. Ó gbà láti lọ.

Wọ́n lọ sí tẹ́ṣàn kí wọ́n lè gba ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá. Níbẹ̀ ni nǹkan ti fẹ́ wọ́. Ẹnì kan nídìí káńtà, tó fẹ́ràn àlàáfíà, ní kí màmá kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti parí ẹ̀ nítùbí-ìnùbí, òun ò sì bèèrè nǹkan kan mọ́. Ìwé kékeré báyìí! Ẹni tó bá fọwọ́ sí i ti fi ọwọ́ ara ẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Màmá ní òun ò bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ àti ẹni tó gbá òun, kó tán síbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ màmá tó jáde ìwé mẹ́wàá ló bá a kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì tíípà. Wọ́n fi àwòrán sí i, ìwé ọlọ́pàá, ẹ̀dà ìwé mọ́tò, àti bílì pánẹ́ẹ̀lì bítà. Màmá ní kí òǹtẹ̀ wà lórí ẹ̀dà tí òun mú padà, torí ó mọ àwọn tó máa ń sọ pé àwọn ò rí lẹ́tà. Bílì jẹ́ ₦720,000: bútù, gíláàsì, iná méjì, bọ́ńpà, ọ̀dà, owó iṣẹ́. Kí wọ́n tó fi lẹ́tà ránṣẹ́, pánẹ́ẹ̀lì bítà bèèrè, "Ìyá wa, èlùbọ́ tó dà nù ńkọ́?"

"Èlùbọ́? Ìyẹn náà wà níbẹ̀ ni?"

"Dúkìá ni mà. Ṣé kì í ṣe tíípà ló dà á nù?"

Wọ́n fi àpò èlùbọ́ mẹ́ta kún un, pẹ̀lú iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà Ìkìrun lọ́sẹ̀ yẹn.

Ọjọ́ méjìlá ni Sienna fi wà lábẹ́ tapólì láìsẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, tí màmá ń háyà mọ́tò lọ sọ́jà, tó sì ń ṣépè fún pánẹ́ẹ̀lì bítà lábẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kẹtàlá, ọkùnrin kan dé láti ínṣọ́ránsì pẹ̀lú báìrò àti bébà. Ó yí mọ́tò po, ó kọ̀wé, ó ní ₦450,000 làwọn lè san, tèlùbọ́ tigi.

Ó ṣi màmá mú. Obìnrin tó ti ń ná èlùbọ́ láti kékeré! Kò pariwo, ó ní, "Ọmọ mi, fi ibi tó o ti gé e hàn mí." Ó ní kí wọ́n ka bílì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó hàn pé ọkùnrin náà ti gé owó iná sí ìdajì, ó ní iná Sienna ti gbó tẹ́lẹ̀, kì í ṣe tuntun. Màmá ní tokunbo náà ni àwọn kọ sí bílì, ẹni tó bá rí tokunbo tó dín ju ìyẹn lọ kó rà á wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó dá owó iná padà. Pánẹ́ẹ̀lì bítà wá tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó ní kí ọkùnrin náà dùbúlẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò, irin tó gbé ẹ̀yìn dúró ti wọ́. Tí wọn ò bá wo abẹ́ kí wọ́n tó fẹnu kò, tí màmá sì ti fọwọ́ sí ìwé pé òun ti gbowó òun tán, ta ni yóò san ti irin tí wọ́n bá bá lábẹ́ lọ́la? Ọkùnrin náà dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Nígbà tó dìde, ó kọ nǹkan mìíràn.

₦690,000 ni wọ́n fẹnu kò sí, tèlùbọ́ wà nínú ẹ̀. Owó háyà mọ́tò tí màmá ti ná, wọn ò san án. Ó bèèrè títí, wọn ò gbà. Ọ̀gá tíípà ló fi ₦30,000 kún un lápò ara ẹ̀, ó ní ìtìjú ni. Ká ní ínṣọ́ránsì fi owó falẹ̀, tàbí tí wọ́n kọ̀ láìsí ìdí, NAICOM l'Ábùjá ní ibi tí wọ́n ti ń gba ẹjọ́ irú ẹ̀, lẹ́tà àti ẹ̀dà ìwé ni wọ́n ń bèèrè. Ọ̀rọ̀ yìí ò débẹ̀. Owó wọ báńkì, pánẹ́ẹ̀lì bítà gbé òòlù.

Ọjọ́ tí màmá wá gbé mọ́tò n'Ìkìrun, ó wo ẹ̀yìn ẹ̀ títí, ó fọwọ́ pa á, ó súre fún ọmọ náà dáadáa. Ó ti jókòó sínú ẹ̀ kí pánẹ́ẹ̀lì bítà tó na ọwọ́ láti ojú fèrèsé.

"Ìyá wa, ẹ jẹ́ ká rí ìwé ínṣọ́ránsì tiyín."

Màmá tú ihò iwájú mọ́tò. Ó yọ bébà kan, ó yọ ìkejì. Ọmọ náà ka déètì tó wà lórí ẹ̀, kò sọ̀rọ̀, ó kàn fi hàn án. Ìwé ti kú láti ọdún tó kọjá.

"Ẹ̀n-ẹ́n," màmá ní, ó fi etí gèlè nu ojú. "Níbo ni wọ́n ti ń san ₦20,000 yẹn? Kí n yà síbẹ̀ kí n tó kọjá l'Òkukù."