Ọ̀RỌ̀ ÌYÀNJÚ: Jíìpù Tí Yóò Gbé Wa Délé

Ẹ̀yin ará wa ní Kánò àti agbègbè rẹ̀, bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ mọ́tò ni ó máa ń gba ẹnu wa. Olúkúlùkù ni ó fẹ́ gbé jíìpù ńlá wọ Ọ̀fà, Ogbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìwó, kí ará ilé lè mọ̀ pé a kò jókòó lásán ní ìdálẹ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n a kì í fi ọlá jẹ iyọ̀. Iye tí a ra mọ́tò nìkan kọ́ ni mọ́tò ń náni.

Tuntun dára. Ilé-iṣẹ́ tí ó tà á a máa fúnni ní ìwé pé àwọn ni yóò tún un ṣe fún àkókò kan. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá ti gbé e jáde ni owó orí rẹ̀ ti já wálẹ̀. Tòkunbọ̀ ti fi owó yẹn sílẹ̀ sí òkè òkun, òun ni ọ̀pọ̀ wa fi ń rà á. Ewu tirẹ̀ ni pé a kò mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí.

Ọ̀nà wà tí a lè gbà wádìí. Ẹ wo nọ́ńbà ṣásì rẹ̀, àmì 17, lábẹ́ gílásì iwájú. Ẹ tún wò ó ní ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Bí méjèèjì kò bá bára mu, ẹ máa bá tiyín lọ. Bí ó bá ṣe ti Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ni ó ń sọ ọdún rẹ̀: A ni 2010, F ni 2015, L ni 2020. Kí ẹnikẹ́ni má ta ti 2010 fún yín ní owó ti 2015. Bí ẹ bá ní ọmọ lọ́hùn-ún, ẹ fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí i kí ó bá yín wá ìtàn rẹ̀. Ìwé tí a bá kọ "salvage" sí, mọ́tò náà ti ní ìjàǹbá ńlá tàbí kí ó ti mu omi. Ní ọdún 2017, ìjì Harvey da omi bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ mọ́tò ní Houston. Ẹ ṣí kápẹ́ẹ̀tì, ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó dé òpin. Bí ẹrẹ̀ gbígbẹ bá wà níbẹ̀, ẹ sá.

Ẹ béèrè ìwé oníbodè kí ẹ tó sanwó. Ọdún 2017 ni ìjọba fi òfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Mọ́tò tí ó gba inú igbó wá lè di ti ìjọba lójú ọ̀nà, kí ìyá ilé àti àwọn ọmọ sì bọ́ sílẹ̀ tẹrù-tẹrù.

Ẹ̀yin tí Range Rover wọ̀ lójú, afẹ́fẹ́ ni ó gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn dúró dípò sípíríǹgì. Bí ó bá jò, mọ́tò yóò jókòó sílẹ̀. Ta ni yóò tún un ṣe ní Mọ́kwà? Lexus RX 350 ti 2010 sí 2015, ẹ́ńjìnì kan náà ni òun àti Toyota Highlander V6 ìgbà náà ń lò. Àwọn atọ́kọ̀ṣe wa mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ẹ wo táyà pẹ̀lú. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó parí àmì DOT ni ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 ni ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà tí ó ti gbó kò lè fara da ooru ọ̀nà Kàdúná, bí ó ti wù kí ó dán tó.

Paríparí rẹ̀, ẹ má fi gbogbo owó ra mọ́tò. Ẹ fi apá kan sílẹ̀ fún àtúnṣe àti epo, tí ó ti gbówó lórí láti 2023. Bí ó bá jẹ́ owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni, ẹ jẹ́ kí jíìpù dúró. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí ó ń pàtẹ́wọ́ fún jíìpù kò ní bá yín san owó atọ́kọ̀ṣe. Ẹni tí ó ń retí yín ní tòótọ́, kí ẹ sọdá afárá Jẹ́bà ní àlàáfíà ni àdúrà rẹ̀.