Àjẹìwẹ̀yìn Kò Yẹ Àgbà

Ní ọdún 1983, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ òfúrufú American Airlines ní Amẹ́ríkà gbà pé kí owó àwọn tí a óò gbà síṣẹ́ lẹ́yìn wọn kéré sí tiwọn. Nígbà tí ó yá, iṣẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bọ́ sọ́wọ́ àwọn kéékèèké, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń wakọ̀ fún owó táṣẹ́rẹ́. Àwa kò lè yin irú ìdúnàádúrà bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní 1985, àwọn àgbà ní United yanṣẹ́ lódì fún ọjọ́ 29 nítorí owó àwọn tí kò tíì débẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ sì dúró tì wọ́n. Bí ẹgbẹ́ ti í jẹ́ ẹgbẹ́ nìyẹn. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rántí: àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.