Ẹ̀hónú Kì í Ṣe Ẹ̀ṣẹ̀

Ẹ̀kọ́ kan wà tí a ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ilé Ọlọ́run àti ní ilé ẹ̀kọ́ wa, èyí tí mo fẹ́ bá jà. Ẹ̀kọ́ náà ni pé, bí ọ́fíìsì Ìjọba bá rẹ́ ènìyàn jẹ, kí ó dákẹ́, kí ó ní sùúrù, kí ó fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Nítorí pé ẹni tí ó bá ráhùn nípa àwọn aláṣẹ kò yàtọ̀ sí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tí wọ́n kùn sí Mósè ní aginjù. Ẹ̀kọ́ yìí dùn létí, ó sì jọ ìwà-bí-Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n mo ní ìwà ọ̀lẹ ni, ó sì ti sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn di òtòṣì.

Ẹ jẹ́ kí a fi olùkọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tí ó fi ọdún 35 kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ó fẹ̀yìn tì, ó lọ béèrè owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, wọ́n sì wí fún un pé àwọn kò rí fáìlì rẹ̀. Ó padà lọ ní oṣù kejì; wọ́n ní kí ó máa bọ̀ lọ́la. Ní oṣù kẹta, akọ̀wé tí ó mọ ọ̀ràn náà ti lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Ta ni yóò mú lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá? Kò sí ẹni tí ó jalè. Ǹjẹ́ ó lè gba agbẹjọ́rò? Owó tí ì bá fi san án gan-an ni wọ́n dá dúró. Láàárín ọlọ́pàá tí kò rí olè mú àti kọ́ọ̀tù tí apá tálákà kò ká, àlàfo ńlá wà, inú rẹ̀ sì ni ẹ̀tọ́ ọ̀pọ̀ ará ìlú ń sọnù sí.

Nítorí àlàfo yìí ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe yan irú òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ombudsman. Ọ̀rọ̀ èdè Sweden ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni aṣojú. Ní 1809 ni òfin ilẹ̀ náà fún Ilé Aṣòfin ní àṣẹ láti yan ẹnì kan tí yóò máa ṣọ́ àwọn onídàájọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ Ọba bóyá wọ́n ń pa òfin mọ́. Ní 1810 ni wọ́n yan Lars Augustin Mannerheim, ẹni àkọ́kọ́. Denmark bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1955, New Zealand ní 1962, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1967. Ní Nàìjíríà, ìjọba ológun Murtala Muhammed ṣe òfin kan ní 1975, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 31, tí ó dá Àjọ Tí Ń Gbọ́ Ẹ̀hónú Ará Ìlú sílẹ̀, tí àwọn akọ̀wé mọ̀ sí Public Complaints Commission. Òfin-ìpìlẹ̀ 1999 sì ka òfin náà mọ́ àwọn díẹ̀ tí a kò lè yí padà bí kò ṣe ní ọ̀nà líle kan náà tí a fi ń yí Òfin-ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀ padà. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ohun àlejò tàbí ohun yẹpẹrẹ ni.

Iṣẹ́ irú àjọ bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ará ìlú a kọ̀wé, kò sì ní san kọ́bọ̀. Kọmíṣọ́nnà a kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ̀ràn náà wà lábẹ́ àṣẹ òun. Lẹ́yìn èyí, a kọ̀wé sí ọ́fíìsì tí ọ̀rọ̀ náà kàn, kí àwọn náà lè sọ tẹnu wọn. Nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ó lè béèrè ìwé, ó sì lè ránṣẹ́ pe òṣìṣẹ́ kí ó wá dáhùn. Bí òṣìṣẹ́ náà bá jàre, yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó kọ̀wé. Bí ó bá jẹ̀bi, Kọmíṣọ́nnà yóò dámọ̀ràn pé kí wọ́n tún ọ̀ràn náà gbé yẹ̀ wò, tàbí kí wọ́n fagi lé ìpinnu tí kò tọ́, tàbí kí wọ́n yí ìlànà tí ó bí àṣìṣe náà padà, tàbí kí wọ́n sọ ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ ní kíkún.

Níbí ni àwọn ẹlẹ́gàn yóò ti rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, “Ìmọ̀ràn lásán! Ajá tí kò léyín!” Òtítọ́ ni pé àjọ náà kì í pàṣẹ bí adájọ́. Òtítọ́ sì ni pé 500 náírà ni òfin 1975 dá ní owó ìtanràn, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6, fún ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ dí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Owó tí ó ní láárí nígbà náà ti di owó ìpápánu lónìí. Ṣùgbọ́n kí àwọn ẹlẹ́gàn dá mi lóhùn: kí ni ó mú fáìlì olùkọ́ wa pamọ́? Agbára ha ni? Rárá o, òkùnkùn ni. Kò sí ẹni tí ó béèrè rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ní láti fọwọ́ sí ìdáhùn. Ní ọjọ́ tí ìwé bá wọlé tí ó ní kí ọ̀gá ọ́fíìsì náà ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àlàyé náà, ohun tí ó sọnù a máa di rírí. Àtùpà kò léyín, síbẹ̀ olè ń sá fún un.

Àwọn mìíràn ní ọ̀nà tí ó yá jù wà: kí a wá ènìyàn ńlá tí ó mọ ọ̀gá náà. Mo ní ọ̀nà yìí burú ju ìdákẹ́ lọ. Ẹni tí ó gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní ọ̀nà ojúrere ti gbà pé kì í ṣe ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́, bí kò ṣe ẹ̀bùn. Ó sì ti fò lórí opó tí kò mọ ẹnì kankan, tí ó tò síwájú rẹ̀.

Ǹjẹ́ kí a wá yẹ Ìwé Mímọ́ wò, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́kọ̀ọ́ ìdákẹ́ ń sá sí. Ìkùnsínú àti ẹ̀hónú kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìkùnsínú a máa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀hónú a máa dá orúkọ, a máa dá ọjọ́, a sì máa sọ ohun tí ó ń fẹ́. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí kẹfà, wọ́n gbójú fo àwọn opó kan nínú ìpín oúnjẹ ojoojúmọ́, àwọn ènìyàn wọn sì fi ẹ̀hónú hàn. Àwọn Àpọ́sítélì kò pè wọ́n ní ọlọ̀tẹ̀. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje tí yóò bójú tó ọ̀ràn náà. Pọ́ọ̀lù pẹ̀lú kọ̀ láti yọ́ jáde nínú túbú ní Fílípì, ó ní kí àwọn aláṣẹ tí wọ́n nà án láìdájọ́ wá fúnra wọn. Ta ni yóò pe Pọ́ọ̀lù ní aláìnísùúrù?

Ẹ kíyè sí ohun kan sí i, nítorí òun ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Òfin 1975 náà ní kí a kọ́kọ́ gba gbogbo ọ̀nà tí ó wà ní ọ́fíìsì tí ọ̀rọ̀ kàn kí a tó wá sọ́dọ̀ àjọ. Kí ọ̀rọ̀ náà má ṣe wà níwájú kọ́ọ̀tù. Kí ó jẹ́ ohun tí ó kan ẹni tí ó kọ̀wé gan-an. Kí ó má sì ṣe ju oṣù 12 lọ láti ọjọ́ tí ohun náà ṣẹlẹ̀. Oṣù 12 péré! Ẹni tí a ti kọ́ pé kí ó ní sùúrù, tí ó ń fi ẹnu lásán bẹ akọ̀wé láti ọdún dé ọdún, yóò dé ibẹ̀ láìní ìwé kan lọ́wọ́, àkókò yóò sì ti kọjá. Sùúrù tí a fi kọ́ ọ ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí a fi ń tọrọ iṣẹ́ tàbí tí a fi ń tọrọ àyè ni ẹ ń kọ́ wọn ṣáá. Ẹ kọ́ wọn ní lẹ́tà tí a fi ń béèrè ẹ̀tọ́. Kí ọmọ mọ̀ bí a ti ń kọ ọjọ́, orúkọ ọ́fíìsì, ohun tí wọ́n ṣe, àti àtúnṣe tí a ń fẹ́, láìsí èébú, láìsí irọ́, láìsí ẹ̀bẹ̀ àṣerégèé. Kí ó mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹ̀dà ìwé náà. Kí ó sì mọ̀ pẹ̀lú pé òun lè jẹ̀bi, kí ó lè fi ọ̀wọ̀ gba èsì tí kò dùn mọ́ ọn.

Àwọn baba wa ti wí pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọmọ tí ẹ bá kọ́ ní ìwé kíkọ yìí lónìí, ó lè jẹ́ òun ni yóò jókòó nídìí tábìlì ọ́fíìsì lọ́jọ́ iwájú, tí fáìlì olùkọ́ rẹ̀ yóò sì wà níwájú rẹ̀.