Fọ́tò Kò Lè Dárúkọ Ẹnikẹ́ni

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Pọ̀bẹ́ àti Àjàṣẹ́, ẹ jẹ́ ká bára wa sọ òótọ́. Bí ẹnì kan bá gbé fọ́tò àtijọ́ síbí, a ó kọ "ayé àtijọ́ dára o", a ó tẹ ọkàn pupa sí i, ó parí. A rò pé a ti tọ́jú àṣà nìyẹn. Irọ́ ni.

Ẹ wo erékùṣù Great Blasket ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Írẹ́lándì. Òǹkọ̀wé Synge ya fọ́tò níbẹ̀ ní 1905. Nínú àwọn fọ́tò àtijọ́ erékùṣù náà, ẹ ó rí àwọn apẹja, ilé olókùúta, àti ọkọ̀ naomhóg tí wọ́n fi igi ṣe egungun rẹ̀, tí wọ́n fi aṣọ bò ó, tí wọ́n sì kun ún ní ọ̀dà. Ẹja maquereau àti alákàṣà ni wọ́n ń pa tà. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń ṣí lọ sí Amẹ́ríkà díẹ̀díẹ̀, títí ìjọba fi kó àwọn tó kù kúrò ní 1953. Iṣẹ́ ẹja ibẹ̀ tán.

Síbẹ̀, ayé ṣì mọ orúkọ wọn. Kí ló fà á? Wọ́n fi èdè tiwọn kọ ìtàn ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló gba ìlú kan. Tomás Ó Criomhthain, apẹja, gbé ìwé tirẹ̀ jáde ní 1929. Peig Sayers kò lè kọ èdè náà: ó ń sọ ọ́, ọmọ rẹ̀ ń kọ ọ́. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1936.

Àwa ńkọ́? Àwọn kan á ní ìyá àwọn kò mọ̀wé. Ṣé Peig mọ̀ ọ́n kọ ni? Àwọn mìíràn á ní Faransé nìkan ni àwọn kọ́ nílé ìwé, àwọn kò mọ àmì ohùn. Ẹ kọ ọ́ láìsí àmì, a ó bá yín fi sí i. Ohun tí a kò kọ rárá ni kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe.

Baba tó ń dẹ ìgèrè lódò Òpárá, orúkọ ẹja mélòó ló mọ̀? Orúkọ àwọ̀n mélòó? Lọ́jọ́ tí kò bá sí mọ́, fọ́tò rẹ̀ kò ní pe ẹyọ kan nínú wọn. "Un pêcheur" ni wọn yóò kọ sábẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá gbé fọ́tò wá, kó kọ orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀, ìlú rẹ̀, àti ohun tó mú lọ́wọ́, ní èdè wa. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kó lọ bi àgbà léèrè. Fóònù tó ya fọ́tò náà ló ń gba ohùn sílẹ̀.