Ìjà Tí Kò Ní Àpá

Kò sí ọmọdé tí kì í gbádùn ìjà àwọn ẹranko nínú ìtàn. Bí àwọn baba ńlá wa ti ń gbọ́ ìjà Ìjàpá àti Ajá lábẹ́ òṣùpá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ òde òní ń wo ìjà ológbò àti eku nínú kàtúùnù, èyí tí í ṣe fíìmù àwòrán yíyà tí a mú kí ó máa rìn bí ohun alààyè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀kan náà ni méjèèjì. Lójú tèmi, wọn kò rí bákan náà rárá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ti òkèèrè. Ní ọdún 1940 ni William Hanna àti Joseph Barbera, ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ Tom and Jerry. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni. Ó gba ẹ̀bùn Oscar ní ìgbà 7. Nínú rẹ̀, eku a fi irin lu ológbò lórí, ológbò a tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Ṣùgbọ́n kí a tó ṣẹ́jú, ó ti dìde, ara rẹ̀ sì ti le koko. Kò sí ọgbẹ́, kò sí ẹ̀bẹ̀. Ìjà náà kò ní àpá, nítorí náà kò ní òpin.

Àlọ́ tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ní àkókò ìyàn, Ajá mú Ìjàpá lọ jí iṣu ní oko olóko. Ajá mú ìwọ̀nba, Ìjàpá di ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ. Ajá sá lọ, olóko sì mú Ìjàpá. Nígbà tí Ìjàpá dárúkọ Ajá, Ajá fi ẹyin sẹ́nu, ó ṣe bí aláìsàn tí ń bì, gbogbo ẹ̀bi sì kù sọ́rùn Ìjàpá. Báyìí ni ọ̀rẹ́ ṣe bàjẹ́. Àlọ́ mìíràn sọ ìdí tí igbá ẹ̀yìn Ìjàpá fi rí gbágungbàgun: ó ṣubú, ó fọ́, a tò ó pọ̀, ṣùgbọ́n ojú àpá kò lè jọ ojú ara.

Ẹnìkan lè wí pé nínú àlọ́ Ìjàpá àti Erin, ẹlẹ́tàn ni ó yege: ó tan Erin pé a fẹ́ fi í jọba, Erin sì jìn sí kòtò. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n Erin kò dìde mọ́. Ọmọ tí ó gbọ́ ọ yóò bá Erin kẹ́dùn, yóò sì béèrè ìdí tí oníbi fi jèrè. Ìbéèrè yẹn gan-an ni àgbà tí ń pàlọ́ ń dúró dè.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ṣàngó-Ọ̀tà gidigidi. Àwọn Àwórì ni onílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti fa Ẹ̀gbá, Ẹ̀gùn, Ìgbò, Haúsá àti ẹ̀yà mìíràn wá síbẹ̀. Inú ilé kan náà ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbé. Bí ọmọ méjì bá jà níbẹ̀, ìyá méjì ni yóò gbọ́ ọ, ọgbẹ́ ọ̀rọ̀ sì lè pẹ́ ju ọgbẹ́ ara lọ. Nígbà tí bàbá bá wà lẹ́nu iṣẹ́ òru, tí ìyá kò sì tíì ti ọjà dé, fóònù ni ó ń pàlọ́ fún ọmọ. Fóònù kì í béèrè ohun tí ọmọ rí kọ́.

Èmi kò wí pé kí a ka kàtúùnù léèwọ̀. Ẹ̀rín dára fún ọmọdé. Ohun méjì ni mo ń fẹ́. Èkíní, kí àgbà jókòó ti ọmọ, kí ó sì bi í pé: Ta ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀? Kí ni ìbá ti parí ìjà náà? Èkejì, kí a fi àlọ́ tiwa ṣe fíìmù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá ti kó àlọ́ Ìjàpá jọ sínú ìwé fún wa. Ìmọ̀ iṣẹ́ náà kò sì jìnnà sí wa mọ́: a ṣe Lady Buckit and the Motley Mopsters ní Nàìjíríà ní ọdún 2020, Iwájú, ìtàn ìlú Èkó tí Kugali àti Disney jọ ṣe, sì jáde ní ọdún 2024.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ti di ẹ̀gbọ́n nílé. Bí àbúrò yín bá ń fi ológbò tí a lù rẹ́rìn-ín, ẹ bá a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún un pé ọmọ ojúlé kejì, bí a bá lù ú bẹ́ẹ̀, kò ní dìde kíákíá.