Ọkọ̀ Tí A Kàn Kì Í Ṣe Ohun Ìṣeré

Ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó kọjá ní ilé ẹ̀kọ́ wa, òbí kan dìde, ó nàka sí ọkọ̀ onírin tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó ní, "Ṣé ìyẹn ni WAEC máa bi wọ́n?" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Kí ìpàdé tó tú, wọ́n ti fẹnu kò pé a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ náà mọ́ títí a ó fi ṣe ìdánwò tán. Mo wà lára àwọn tó kàn án. N kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí ọmọdé kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà. Lónìí, mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹ̀yin òbí mi kí n tó sọ ọ́: ìpinnu yẹn kò tọ̀nà.

Ọkọ̀ náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Pleiad ni a wò kàn án. John Laird ló kan Pleiad gan-an ní Birkenhead, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Irin ni ara rẹ̀, ooru omi ló ń tì í lọ. Ní 1854, ó gba odò Ọya wọlé, ó sì yà sí odò Bẹ́núé. Dókítà William Balfour Baikie ni ọ̀gá ìrìn àjò náà, Samuel Àjàyí Crowther sì wà nínú ọkọ̀. Àjàyí yìí kan náà ni wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣoogùn ní 1821. Ọkọ̀ kan fẹ́ gbé e lọ sóko ẹrú. Ọkọ̀ mìíràn wá gbé e wọ àárín ilẹ̀ wa, ó sì kọ ìwé nípa ohun tí ó rí.

Mo ti há gbogbo èyí sórí rí, mo sì ti gbàgbé rẹ̀ kí ìdánwò tó dé. Iṣẹ́ ọwọ́ ni kò jẹ́ kí n gbàgbé mọ́. Nígbà tí èédú apẹ̀rẹ̀ kan jóná tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú ọkọ̀ kékeré tiwa, mo mọ ìdí tí àwọn ará Pleiad fi ń dúró gé igi ìdáná létí odò. Ìyẹn ló mú mi béèrè bí wọ́n ṣe yè é. Ní 1841, ibà pa púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó tó gba odò yìí kan náà wọlé. Nínú Pleiad, Baikie mú kí wọ́n máa lo kuiníìnì kí ibà tó dé, kò sì sí òyìnbó kan tó kú. Ìbéèrè kan ló ń fa òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ìdánwò tí ẹ ń bẹ̀rù. Mo ya bọ́ílà sínú ìwé físíìsì mi, mo gba 10 nínú 10. Bọ́ílà tí mo fọwọ́ ara mi ṣe là lójú ìrán. Lẹ́ẹ̀dì ni a fi lẹ̀ ẹ́. Wẹ́dà kan lọ́jà Ẹ̀pẹ́ ló sọ fún wa pé idẹ ló yẹ kí a fi jó o, nítorí iná díẹ̀ ló ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì. Ta ló gba 10 nínú 10 lóòótọ́, èmi tàbí wẹ́dà?

Àwọn kan ní ó léwu. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí olùkọ́ wa fi ní kí a kọ́kọ́ fún omi tútù sínú bọ́ílà kí a tó dáná sí i. Bí omi tútù bá là á, yóò kàn dà jáde ni. Bí ooru omi bá là á, ó lè pa ènìyàn. Ẹ̀kọ́ nìyẹn náà. Àwọn mìíràn ní a ń náwó. Páànù àlòkù ni a lò, ọkùnrin kan tó ń kan ọkọ̀ létí ọ̀sà ló sì kọ́ wa bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò wọ inú ìdí ọkọ̀ láti de nọ́ọ̀tì; tiwa wọ̀ ọ́. Ṣebí ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Àríwísí kan ṣì wà tí n kò fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: pé ọkọ̀ òyìnbó ni, òwò ló bá wá, ìjọba amúnisìn sì tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú àwọn tó wà nínú Pleiad. Bí a kò bá mọ bí ọkọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, báwo ni a ó ṣe mọ bí agbára ṣe dọ́wọ́ àwọn tó ni ín?

Ọkọ̀ wa rìn lórí ọ̀sà fún ìṣẹ́jú 8 kí wọ́n tó tì í sábẹ́ àtẹ̀gùn. Ìpáta ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú un. Wákàtí méjì lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ bá jáde, ni a ń tọrọ, kí olùkọ́ kan sì dúró tì wá. Bí máàkì wa bá wálẹ̀ ní sáà yìí, ẹ ta á fún àwọn oníkóńdẹ̀mù. Bí kò bá wálẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá sétí ọ̀sà wá wò ó.