Ta Ló Ń Dá Ọjọ́ fún Ẹ̀jẹ̀ Agbábọ́ọ̀lù?

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, agbábọ́ọ̀lù tó bá sọ fún kóòṣì rẹ̀ pé òun ń lọ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, ìbéèrè kan ló máa gbọ́: "Ṣé o ò fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ni?" Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́ nílé ni pé okun tó bá bá ẹ̀jẹ̀ jáde kì í padà wọlé, àti pé ẹni tó bá fi páìntì kan sílẹ̀ ti fi odidi sáà kan ṣòfò. Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, àwọn tí a jọ ń sáré láàárọ̀ Sátidé ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, wọ́n sì ń sá máratọ́ọ̀nù. Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn. Ara kan náà la jọ ní. Níbí, ẹni tó fẹ́ fúnni lẹ́jẹ̀ ló ń mú ọjọ́ tó bá a lára mu. Nílé, wàhálà ló ń dá ọjọ́ fún un.

Ẹ̀rù tó ń ba kóòṣì kò ṣàìní ìdí. Ẹ̀jẹ̀ ara àgbàlagbà tó nǹkan bíi lítà márùn-ún. Èyí tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan ní Ìlú Ọba jẹ́ 470 mìlílítà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Omi inú ẹ̀jẹ̀ kì í pẹ́ padà: láàárín ọjọ́ kan sí méjì, bí ènìyàn bá ń mu omi dáadáa, ó ti kún. Sẹ́ẹ̀lì pupa ni kì í yára. Òun ló ń gbé ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sínú iṣan ẹsẹ̀. Bó bá dín kù, kíndìnrín á fura, á ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn inú egungun pé kó ṣe òmíràn, iṣẹ́ yẹn sì máa ń gbà tó oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó tó pé, ẹni tó ń sá 100 mítà lè má mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń sá 10,000 mítà, tàbí agbábọ́ọ̀lù àárín tó ń lọ tó ń bọ̀ fún 90 ìṣẹ́jú, yóò mọ̀. Èémí rẹ̀ á tètè máa já, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì lórí eré tí kò jẹ́ nǹkan kan fún un tẹ́lẹ̀.

Lọ́dún 1972, Björn Ekblom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden gba ẹ̀jẹ̀ tó tó 800 mìlílítà lára àwọn ọkùnrin kan. Kíá ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ wọ́n bí wọ́n bá ń sáré. Nígbà tó yá, wọ́n dá sẹ́ẹ̀lì pupa wọn padà sí wọn lára, wọ́n sì ṣe dáadáa ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Àwọn oníjìbìtì rí ọ̀nà níbẹ̀: àwọn Amẹ́ríkà kan tó ń fi kẹ̀kẹ́ díje gba ẹ̀jẹ̀ sára kí wọ́n tó lọ sí Òlíńpíìkì Los Angeles ọdún 1984, ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì sì fòfin dè é lẹ́yìn náà. Mo mẹ́nu bà á torí ẹni tó bá gbọ́ òfin yìí ní àgbọ́ìyé lè rò pé fífi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ wà lára ohun tí wọ́n kà léèwọ̀. Kò sí níbẹ̀. Gbígba ẹ̀jẹ̀ padà sára láti fi borí ẹgbẹ́ ẹni ni òfin ń bá jà.

Ohun tí n kì í gbọ́ lẹ́nu kóòṣì, tí n kì í sì í gbọ́ lẹ́nu ìyá agbábọ́ọ̀lù, ni ọ̀rọ̀ èròjà irin, èyí tí ara fi ń ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa. Páìntì kan ń kó irin tó 200 sí 250 mìlígíráàmù lọ. Èyí tí ara ń rí fà nínú oúnjẹ lójúmọ́ kò sì ju mìlígíráàmù kan sí méjì lọ. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2015 fi hàn pé nínú àwọn tí kò lo oògùn irin lẹ́yìn tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ni irin ara wọn kò tíì padà sí bó ṣe wà lẹ́yìn ọjọ́ 168. Àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, torí nǹkan oṣù tiẹ̀ ti ń mú lára irin wọn tẹ́lẹ̀. Kí la sì ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì nílé? Mọ́ọ̀tì àti mílíìkì inú agolo! Ṣúgà ibẹ̀ á gbé e dìde lóòótọ́, omi ibẹ̀ náà wúlò, àmọ́ kò sí irin tó nílò nínú rẹ̀. Mílíìkì gan-an a tún máa dí irin lọ́wọ́. Gàrí Ìjẹ̀bú, bó ti wù kó kan tó, kò lè ṣe é. Ẹ̀dọ̀ màlúù, ẹran, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ni kó jẹ, kó fi ọsàn lé e, kó sì jẹ́ kí tíì jìnnà sí oúnjẹ yẹn. Oògùn irin dára, ṣùgbọ́n kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lóru Ọjọ́bọ̀ kan, wọ́n pè é láti ilé ìwòsàn pé ìyàwó ìbátan wa kan bímọ, ẹ̀jẹ̀ kò sì dá. Ilé ìwòsàn ní àwọn lè yọ ẹ̀jẹ̀ jáde nínú fíríìjì bí ẹbí bá mú ẹni tó máa dí i wá. Ta ni ẹbí máa pè? Ẹni tó lágbára jù náà ni. Wọ́n gún un lórí ìka, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú omi búlúù kan nínú ife kékeré, gbogbo àwọn tó dúró sì tẹjú mọ́ ọn. Bí ẹ̀kán náà bá léfòó, ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún kò tó, kó máa lọ sílé. Tirẹ̀ rì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n gba páìntì kan lára rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í bóyá ó ní ìdíje. Nígbà tó di Sátidé, ó wọ pápá láìsọ fún kóòṣì. Kó tó gbá bọ́ọ̀lù tó wákàtí kan, ó ti fọwọ́ lé orúnkún méjèèjì, kóòṣì sì ń pariwo lé e lórí pé ọ̀lẹ ni. Ìyá àti ọmọ wà láàyè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní bí wọ́n bá tún pe òun lóru òní, òun á lọ.

Ohun tó dára nínú ìṣe ilé nìyẹn, n kò sì fẹ́ ká fojú kéré rẹ̀. Ẹni tó fúnni lẹ́jẹ̀ mọ ẹni tó jẹ àǹfààní rẹ̀, ó lè gbé ọmọ náà jó lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Èmi tí mo wà níbí, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ni mo ń rí lórí fóònù, tó ń sọ orúkọ ilé ìwòsàn tí ẹ̀jẹ̀ mi lọ. Ṣùgbọ́n èmi ni mo mú ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ méjìlá ni ọkùnrin gbọ́dọ̀ fi sinmi kó tó tún fúnni ní Ìlú Ọba, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni ti obìnrin. Wọn kò fi òfin yẹn ṣeré: ìwádìí tí wọ́n ṣe lára nǹkan bí 45,000 ènìyàn ní England, tó jáde lọ́dún 2017, fi hàn pé àwọn tí ń fúnni lemọ́lemọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni ó ṣeé ṣe jù kí ẹ̀jẹ̀ wọn má tó mọ́ bí wọ́n bá padà wá. Oṣù kẹrin ni Máratọ́ọ̀nù Lọ́ńdọ̀nù, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ sá a kì í débi abẹ́rẹ́ lóṣù kẹta. Ó di ìgbà tí eré bá parí, tí ẹsẹ̀ ń sinmi.

Àìtó ẹ̀jẹ̀ ló sọ ilé di báyìí. Jàǹbá ojú ọ̀nà Ṣágámù sí Benin tó gba ẹ̀gbẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde kọjá kì í jẹ́ kí ilé ìwòsàn sinmi, bẹ́ẹ̀ ni àwọn aboyún àti àwọn ọmọ fòníkú-fọ̀ladìde kò lè dúró. Níbi tí ẹbí kò bá ti rí ẹni mú wá, àwọn tó ń ta ẹ̀jẹ̀ á yọjú, àwọn yẹn sì lè ti fúnni ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìjọba àpapọ̀ ti fi òfin ọdún 2021 dá àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ó ku àwa ará ìlú.

A ní ohun tí Lọ́ńdọ̀nù kò ní: régbérégbé. Àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí kan náà yìí, tí Awùjalẹ̀ Síkírù Adétọ̀nà tó wàjà ní oṣù keje ọdún 2025 fún lókun, ń kóra jọ lọ́dọọdún fún Ojúde Ọba. Lọ́dún 2024, ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ni Ojúde Ọba. Ti ọdún 2025 jẹ́ ọjọ́ 8. Ọjọ́ 14 oṣù kẹfà sì ni gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, lásìkò tí líìgì wa sábà máa ń ti parí. Bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá pe àwọn tí ara wọn le wá fúnni lẹ́jẹ̀ lẹ́yìn Ojúde Ọba, kì í ṣe ṣáájú rẹ̀, torí ẹlẹ́ṣin ọjọ́ náà kò gbọ́dọ̀ fi ara tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fúnni lẹ́jẹ̀ gun ẹṣin nínú òòrùn yẹn, fíríìjì ilé ìwòsàn á ní nǹkan nínú. Àwọn agbábọ́ọ̀lù náà á ráyè fúnni nígbà tí kò sí ìdíje, ọ̀sẹ̀ tó pọ̀ á sì wà níwájú wọn kí ìgbáradì tó bẹ̀rẹ̀. Ìjẹ̀bú-Òde tó gba àlejò Ife Àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ tí kò ju ọdún 17 lọ ní 2009 kò ṣàìtó ṣe é.

Àwa tí a wà níbí náà ní gbèsè. Oríṣi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ro, tí wọ́n ń wá lójú méjèèjì fún àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ara àwa adúláwọ̀ ló wọ́pọ̀ sí jù, síbẹ̀ a kì í pọ̀ lórí ìlà. Ẹni tó bá ń bọ̀ wálé wá ṣe Iléyá, kó fi ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó wọ bàálù. Nítorí ibà, bó bá ti tẹ ilẹ̀ wa tó sì padà, ó kéré tán oṣù mẹ́rin ni wọn yóò ní kó fi dúró kí wọ́n tó tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.